Oko Gendua Lábẹ́ Àpáta

Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́ lódì: èmi Kumoi, ìyá Ninkama, ni mo pe Gendua lẹ́jọ́ lórí oko ọ̀dùnkún rẹ̀. Mo pè é lẹ́jọ́, wọ́n dá mi lẹ́bi, inú sì tún ń bí mi lẹ́yìn tí ẹjọ́ parí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé mo gbà fún un lọ́jọ́ náà, irọ́ ló ń pa.

Àwa ará Dengile la ni pápá bàálù. Ara òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ la gé e sí. Bàálù á gun òkè balẹ̀, bó bá sì fẹ́ lọ, á sáré sọ̀kalẹ̀ kó tó fò. Àwọn ará Wandike ń gbé ní òdìkejì òkè, nínú àfonífojì tó jọ tiwa bí ìbejì lójú ẹni tó bá wà lókè, àfi pé tiwọn ò lọ síbì kankan. Àpáta ńlá kan ló dí i lópin. Nígbà tí mo ṣì ń fún Ninkama lọ́mú, bàálù kékeré kan ṣìnà wọ ibẹ̀ nínú kùrukùru, ó sì lọ fimú gún àpáta náà. Ẹnikẹ́ni ò yè é. Láti ìgbà náà, bí a bá ń ṣépè ní Dengile, a máa ń ní kí kùrukùru gbé onítọ̀hún lọ sí Wandike.

Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àpáta yẹn, igbó kìjikìji ni. Àwa ní ilẹ̀ wa ni, àwọn náà ní ilẹ̀ àwọn ni, igi sì ń bá wa ṣọ́ ààlà, oníkálukú ń sùn. Ni Gendua, opó tí kì í bẹ̀rù ẹnìkan, bá kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ pẹ̀lú àáké. Wọ́n gé gbogbo igi náà lulẹ̀, wọ́n hú kùkùté, wọ́n sun ún, wọ́n wá kọ ebè láti etí odò títí dé ẹsẹ̀ àpáta. Ẹ̀yin èèyàn! Mo dúró lórí òkè lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo káwọ́ lérí. Mo lọgun sí i, nítorí báyìí la ṣe ń bára wa sọ̀rọ̀ láti òkè dé òkè.

"Gendua! Oko kí lèyí? Ṣé bàálù lo fẹ́ kó balẹ̀ síbẹ̀ ni?"

Obìnrin náà ò tiẹ̀ gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni!" ló fi dá mi lóhùn. "Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ lè ní bàálù ni? Tiwa ń bọ̀ lọ́nà!"

Gbogbo àfonífojì ló gbọ́. Àwọn ará Wandike rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín, èmi sì gbé ìbínú yẹn sùn.

Nígbà tí a dé kóòtù abúlé, adájọ́ bi mí pé kí ni mo fẹ́ gan-an. Mo ní kí oko náà padà di igbó. Mo ní kí wọ́n gbin igi síbẹ̀, kí igi náà sì ga bó ṣe ga tẹ́lẹ̀. Adájọ́ ní igi tó ti di eérú kì í jí nítorí ìbínú obìnrin, àti pé ẹni tó kọ ebè ló ni ebè. Gendua yọ ahọ́n sí mi níwájú adájọ́. Obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ o! Lẹ́yìn náà ló wá gbé ẹjọ́ tirẹ̀ kalẹ̀: ó ní ẹlẹ́dẹ̀ mi ń wá jí ọ̀dùnkún òun hú. Èmi? Ẹlẹ́dẹ̀ tèmi? Sájẹ́ǹtì, akọ dúdú tí etí rẹ̀ kan ya, tí mo fọwọ́ ara mi tọ́ dàgbà! Mo búra níwájú gbogbo àgbà pé Sájẹ́ǹtì ò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Wandike rí.

Ta ni mo wá fẹ́ ro ẹjọ́ yìí fún? Bàbá Ninkama kì í dáhùn ju "hùn-ùn" lọ. Ninkama ni mo ń pè. Ó wà ní Goroka, ó ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀ bàálù, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo sì ń gun orí òkè tí fóònù ti ń ṣiṣẹ́ láti lọ ròyìn Gendua fún un. Mo sọ bí oko náà ṣe gùn tó. Mo sọ bó ṣe ń gun òkè bíi pápá wa gan-an, bí ebè rẹ̀ ṣe rọ̀ tó, bó ṣe jẹ́ pé èèyàn lè sáré láti etí odò dé ẹsẹ̀ àpáta láìfẹsẹ̀ kọ kùkùté kan.

"Màmá," Ninkama á ní, "ẹ ò tiẹ̀ bi mí bóyá mo ti jẹun."

"O ti jẹun. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ kọ́ ni ẹ́? Gbọ́, ó tún ti gé igi méjì tó kù létí odò! Kò sí ìdènà kankan níbẹ̀ mọ́!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi obìnrin yìí sílẹ̀."

N ò fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹ fi í sílẹ̀ tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni.

Ọjọ́ tí Ninkama máa kọ́kọ́ gbé bàálù wá sí Dengile fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá mi sọ̀rọ̀. Àgbéré gbé mi wọ̀. A ti gbẹ́ kòtò, a ti dáná sun òkúta títí ó fi pọ́n, a kó ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀dùnkún àti ewébẹ̀ lé e, a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, a fi iyẹ̀pẹ̀ dé e pa, ó ń jinná nílẹ̀. Mo gbé àpò bílúmù tí mo hun fún ọmọ mi kọ́rí, aláwọ̀ pupa àti ìyeyè, mo sì dúró sẹ́nu pápá bíi pé èmi ni mo ni ojú ọ̀run. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ni mo ń sọ fún pé, "Ọmọ mi ló ń wà á o. Kì í ṣe èrò. Òun ló ń wà á."

Òwúrọ̀ mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ òkè wa, ọ̀dàlẹ̀ gbáà ni. Kí ẹran tó jinná, kùrukùru ti ń rọ́ jáde láti inú igbó, òjò wínníwínní sì tẹ̀ lé e. Bomai, àbúrò ọkọ mi, ló ń dáhùn rédíò ní pápá. Ohùn ọmọ mi ń ta sán-ánsán-án nínú rẹ̀.

"Dengile, mo ti dé orí odò. Báwo ni ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́dọ̀ yín?"

Bomai wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. "Ọmọ mi, ó ti ń dí o. N ò rí ìdí pápá mọ́. Padà sí Goroka."

"Ẹ̀yìn mi ti pa dé, Bàbá Bomai. N ò rí ibi tí mo gbà wọlé mọ́."

Mo já rédíò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ninkama! Gbé e sókè! Fò sókè!"

"N ò lè gòkè wọ inú kùrukùru yìí, Màmá. Òkè ló wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé rédíò fún Bàbá Bomai."

"Èmi ni mo bí ọ!"

"Ẹ̀yin lẹ bí mi, Màmá. Ẹ gbé e fún un."

Mo gbé e fún un. A wá gbọ́ ẹ́ńjìnnì bàálù lókè, a ò rí i. Kò wá sọ́dọ̀ wa. Ó kọjá lápá òsì, ó gba ẹ̀yìn òkè, ó wọ Wandike. Bomai ń pè é nínú rédíò, rédíò ò dáhùn. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan dún ní òdìkejì òkè, gbì! A ò gbọ́ ìró kankan mọ́.

N ò mọ bí mo ṣe dé etí odò. Mo kàn rí i pé mo ti ń bu amọ̀, mo ń fi ra orí, mo ń fi ra ojú. Bí èèyàn bá kú nílẹ̀ wa, amọ̀ la fi ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í wẹ̀ ẹ́ kúrò títí àwọn tó bá wa sunkún yóò fi jẹun. Àwọn obìnrin ìdílé wa ti ń bọ̀ pẹ̀lú igbe, àwọn náà ń ra amọ̀. A jókòó yí kòtò oúnjẹ ká. Oúnjẹ tí mo sè láti fi kí i káàbọ̀ ti di oúnjẹ òkú. Bàbá Ninkama ò sọ nǹkan kan, kò tiẹ̀ sọ "hùn-ùn". Ó gbé àáké rẹ̀ kọ́ èjìká, ó forí lé òkè, àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀ lé e.

Mo sunkún. Mo bú àpáta, mo bú Wandike, mo bú Gendua. Mo ní ṣebí òun ló pe bàálù, kó wá gbà á o. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe ìyẹn ló ń ya mí nínú. Ohun tó ń ya mí nínú ni pé láti ọdún tó kọjá tí ọmọ mi ti ń sọ ọ́ fún mi, n ò bi í rí bóyá ó ti jẹun. Ẹjọ́ oko lásán ni mo fi ń kún un létí. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi ní ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n bi í. Mo ní bí ọmọ mi bá ti dá mi lóhùn, kó máa mú un lọ bó bá fẹ́. Ẹ wo bí ìbànújẹ́ ṣe ń mú èèyàn sọ̀sọkúsọ.

Òjò dá. Kùrukùru ṣì bo òkè. Ni a bá gbọ́ orin láti inú rẹ̀, orin Wandike, èyí tí wọ́n máa ń kọ bí wọ́n bá borí nínú ìjà. Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Mo fa igi kan yọ lára ọgbà.

"Wọ́n wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," mo ní. "Lọ́jọ́ tí ọmọ mi kú! Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi."

Gendua ló kọ́kọ́ yọ. Ọmọkùnrin rẹ̀ méjì ń gbé òpó kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ dúdú kan sì so rọ̀ lórí òpó náà, ó ti kú fin-ín-fin-ín. Obìnrin náà ò tiẹ̀ wo igi ọwọ́ mi.

"Kumoi!" ló lọgun. "Ẹlẹ́dẹ̀ tí kò dé Wandike rí nìyí o! Wá wo etí rẹ̀!"

Sájẹ́ǹtì ni. Etí rẹ̀ ya, ọ̀dùnkún ṣì kún un lẹ́nu. Ẹ̀yìn òpó náà ni Bàbá Ninkama wà, ó ń rẹ́rìn-ín, ọkọ mi tí kì í rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó di ọwọ́ ọmọ kan mú. Iwájú orí ọmọ náà wú bí ẹyin adìyẹ, ẹrẹ̀ bò ó dé orúnkún, ó gbé páálí kan nínú ẹrù bàálù mọ́ àyà, àwọn ọmọ adìyẹ sì ń ké nínú páálí náà, ṣíọ̀-ṣíọ̀-ṣíọ̀.

Ó wò wá, gbogbo wa tí a fi amọ̀ ra ara. "Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

"Ìwọ ni!" Bomai pariwo.

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún pọ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ju igi ọwọ́ mi sọnù, mo rìn lọ bá a, mo fọwọ́ kàn án lójú, mo fọwọ́ kàn án lápá, mo wá bi í.

"Ṣé o ti jẹun?"

Ninkama wò mí. "Rárá, Màmá," ló ní, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, "ebi ń pa mí kú lọ!"

Orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló jókòó sí tó ti sọ bó ṣe yè é, èmi dì í mú létí aṣọ kó má baà tún fò lọ.

"Mo wọ Wandike láìmọ̀," ló ní. "Kùrukùru là díẹ̀, mo rí àpáta níwájú. Kò sí àyè láti yí padà, kò sí àyè láti gòkè. Mo ní ó ti parí. Ni mo bá ń gbọ́ ohùn Màmá létí mi. Wọ́n ń ro ẹjọ́! Wọ́n ní láti etí odò dé ẹsẹ̀ àpáta, ó ń gun òkè bíi pápá wa gan-an, ebè rẹ̀ rọ̀, kò sí kùkùté kan. Àwọn èèyàn mi, n ò fojú rí oko yẹn rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n ju yàrá mi lọ. Mo kọ imú bàálù sí etí odò, ibi tí Màmá ní wọ́n ti gé igi méjì tó kù, mo sì bọ́ sílẹ̀ nínú kùrukùru. Ebè ni mo rí lábẹ́ mi. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fi ikùn bàálù wọ́lẹ̀ láàárín wọn. Ebè rírọ̀ ló dá a dúró. Ebè àti Sájẹ́ǹtì."

"Bàálù wa dé," Gendua ní jẹ́jẹ́. "Mo sọ fún un pé ó ń bọ̀."

Gbogbo èèyàn wá yíjú sí mi. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí mo lọ bẹ adájọ́ fún. Bó bá jẹ́ pé mo borí nínú ẹjọ́ yẹn! Bí wọ́n bá gbọ́ tèmi, tí wọ́n gbin igi síbẹ̀!

"Sọ ọ́, Kumoi," Gendua ní. "Kí lo ní kí adájọ́ gbìn sóko mi?"

"Igi," mo ní.

"N ò gbọ́."

"Mo ní igi ni! Ṣé o dití ni?" Mo bá fò mọ́ ọn lọ́rùn. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Mo dì mọ́ ọn pinpin, mo sunkún sí i lọ́rùn, mo ní ẹ ṣeun, mo ní Gendua, ẹ ṣeun o, èmi tí n kì í pè é ní "ẹ". Òun náà dì mí mú, ó ń gbá mi lẹ́yìn. Nígbà tó fi máa tú ara rẹ̀ sílẹ̀, amọ̀ ojú mi ti yí òun náà lójú.

Ó fọwọ́ nu ún, ó wò ó. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. O ti fi amọ̀ rà mí lára, èmi náà ti di aṣọ̀fọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ bọ́ mi."

Ibẹ̀ la rántí àṣà. A ti sunkún lórí oúnjẹ yẹn, amọ̀ ti wà lára, kò sì ṣeé wẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn tó sunkún jẹun. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n rò ó síwá sẹ́yìn. Àgbà kan ní kí wọ́n da oúnjẹ náà nù nítorí kò sí òkú. Bomai ní da kí ni nù, ẹran tó ti jinná, ṣé orí baba yìí pé? Ìgbẹ̀yìn, wọ́n ní kí òkú pín ẹran òkú fúnra rẹ̀. Ni Ninkama bá dìde, a ṣí kòtò, òórùn dídùn gba gbogbo pápá, ó sì ń bi oníkálukú bó ṣe sunkún rẹ̀ sí kó tó gé ẹran fún un.

"Ìwọ ńkọ́, Bàbá Bomai?"

"Ọmọ mi, mo sunkún dé ibi pé mo yí nílẹ̀! Fún mi ní ìhà."

"Irọ́ ni!" ìyàwó rẹ̀ ké. "Ẹsẹ̀ ló yọ̀ ọ́ nínú ẹrẹ̀!"

Ti Sájẹ́ǹtì ló kù. Mo ní ta ni yóò san gbà-má-bìínú ẹlẹ́dẹ̀ mi? Gendua ní gbogbo ọ̀rá ara ẹlẹ́dẹ̀ náà, ọ̀dùnkún òun ni. Mo ní kò jẹ ju ti òní yẹn lọ. Ó ní kí n tún un sọ, kí n gbé ọwọ́ sókè kí n tún búra bí mo ṣe búra níjọ́sí. N ò gbé ọwọ́ sókè. A sun òkúta mìíràn, a se Sájẹ́ǹtì, Wandike àti Dengile jọ jẹ ẹ́. Ká sọ òótọ́, ẹran rẹ̀ dùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wa bọ́ sódò, a wẹ amọ̀ kúrò lára, mo sì fi bílúmù tuntun náà kọ́ ọmọ mi lórí.

Bàálù náà ti ba ebè púpọ̀ jẹ́, mo sì gbé ṣọ́bìrì lọ sí Wandike láti bá Gendua tún wọn kọ. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró kí ẹnìkan pè mí. Mo ń wọ oko náà láti etí odò dé ẹsẹ̀ àpáta, mo ń wá igi kéékèèké tó bá ń hù, mo sì ń fà wọ́n tu pẹ̀lú gbòǹgbò. Gendua máa ń jókòó sẹ́sẹ̀ àpáta, á máa fa tábà, á máa wò mí bí ẹní rí alágbàṣe ọ̀fẹ́. Lọ́dún yìí, ó ní kí n fi ọ̀kan sílẹ̀ fún òun láàárín oko, kí òun lè máa jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀. Mo ní rárá. Mo fà á tu níṣojú rẹ̀.

"Ó dáa, Kumoi," ló ní. "Oko kí lèyí? Ṣé bàálù lo fẹ́ kó balẹ̀ síbẹ̀ ni?"

"Kò ní balẹ̀ síbẹ̀ mọ́ láé, lórúkọ Jésù," mo ní, mo sì ń wá èyí tó kù. "Ṣùgbọ́n kí àyè wà."